Àdìrẹ Gẹ́gẹ́ Bí Ẹ̀rí Ìtàn: Ọnà "Ìbàdàn Dùn" àti "Ọlọ́ba"

Oríkì àti ìtàn ìdílé ti di ẹ̀rí pàtàkì lọ́wọ́ àwọn onímọ̀ ìtàn ilẹ̀ Yorùbá, ṣùgbọ́n ojú ẹwà lásán ni ọ̀pọ̀ fi ń wo àdìrẹ. Ète bébà yìí ni láti fi hàn pé aṣọ pẹ̀lú lè jẹ́rìí.

Ìyẹ́ adìyẹ ni àwọn obìnrin fi ń ya ọnà "Ìbàdàn Dùn" pẹ̀lú ẹ̀kọ láfún. Ibi tí ẹ̀kọ bá bò ni aró kì í mú. Lára ọnà yìí ni òpó Gbọ̀ngàn Mápó wà, gbọ̀ngàn tí wọ́n ṣí ní 1929. "Ọlọ́ba" ní tirẹ̀ gbé àwòrán ọba àti ayaba Gẹ̀ẹ́sì jáde, nítorí ayẹyẹ ọdún 25 George Karùn-ún lórí ìtẹ́ ní 1935. Kò sí àní-àní pé ojú àwọn aládìrẹ wà lára ohun tó ń lọ láyé.

Síbẹ̀, ọdún ọnà yàtọ̀ sí ọdún aṣọ. Páànù tí àwọn ọkùnrin gé fún títẹ ọnà lè wà lẹ́nu iṣẹ́ fún ọdún púpọ̀. Ohun tí 1935 fi hàn kò ju pé "Ọlọ́ba" kò ṣáájú ayẹyẹ náà. Nítorí náà, ó yẹ kí olùwádìí yẹ aṣọ àti aró rẹ̀ wò, kí ó sì wádìí lẹ́nu àwọn ìdílé aláró.

Ọ̀pọ̀ àdìrẹ inú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ni kò ní orúkọ ẹni tó ṣe é. Orúkọ ọba wà lákọsílẹ̀. Ti obìnrin tó rẹ aṣọ náà láró ni ó ń parẹ́.