Ìrora, Ìwòsàn, Ìmúláradá: Ọ̀rọ̀ Ara àti Ọ̀rọ̀ Ìgbàgbọ́ ní Èdè Yorùbá

Ọ̀nà mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ tí Yorùbá fi ń sọ nípa ara tó ń dunni àti ara tó yá gbà wọlé. Èkíní wà lẹ́nu aláìsàn fúnra rẹ̀, ó sì ti wà kí ìwé tó dé. Èkejì wà nínú Bíbélì àti lórí pẹpẹ: Samuel Àjàyí Crowther bẹ̀rẹ̀ sí í to irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé tó tẹ̀ ní 1843, ó sì fẹsẹ̀ múlẹ̀ nígbà tí ìtumọ̀ Bíbélì Yorùbá parí ní 1884. Ẹ̀kẹta ni èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera àti àwọn atúmọ̀ èdè ń hun lọ́wọ́lọ́wọ́, òun ló sì ní àléébù jù. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá méjèèjì, èyí tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 àti èyí tí Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1990, dá lórí ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni. Wọn kò dé ọ̀dọ̀ ìṣègùn, wọn kò sì dé ọ̀dọ̀ ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́. Olúkúlùkù wá ń dá ọ̀rọ̀ tirẹ̀, púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n wọ agbádá fún.

Ọ̀rọ̀ tí kò lẹ́jọ́

Ọgbẹ́, egbò, àpá, ibà, ẹ̀tẹ̀, arọ, afọ́jú àti ìrọbí kò fa àríyànjiyàn kankan. Bí wọ́n ṣe wà lẹ́nu ará oko ni wọ́n ṣe wà nínú Bíbélì, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n wà lẹ́nu dókítà. Dókítà, nọ́ọ̀sì àti abẹ́rẹ́ pàápàá ti di ti ilé, kò sì sẹ́ni tó nílò orúkọ gígùn láti fi rọ́pò wọn.

Ìrora àti ìjìyà

Ìhun ìrora kò yàtọ̀ sí ti ìlera àti ìtura. Ara ń ro, ara le, ara tù: a fi ì ṣíwájú ọ̀rọ̀-ìṣe, ara bọ́ sẹ́yìn, ó di ìrora, ìlera, ìtura. Ọmọ ìyá kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ara ló so wọ́n pọ̀.

Bẹ́ẹ̀ sì ni aláìsàn kì í sábà fi ọ̀rọ̀-orúkọ ké. Ìyá àgbà tó bá ti Ìrèlè-Èkìtì wá sí ilé ìwòsàn ńlá ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó-Èkìtì, tí nọ́ọ̀sì bi í pé, "Màmá, kí ló ń ṣe yín?", kò ní sọ pé òun ní ìrora ní ìhà. "Ẹ̀gbẹ́ ń gún mi, ọmọ mi" ni yóò wí, tàbí "orí ń fọ́ mi," "inú ń run mí," "eegun ń ro mí," "egbò yìí ń ta mí." Nínú gbogbo gbólóhùn wọ̀nyí, ẹ̀yà ara tàbí egbò ni olùwà, aláìsàn ni àbọ̀. Nǹkan kan ló ń ṣe é. Òun kọ́ ló ń ṣe nǹkan kan. Ọ̀rọ̀-ìṣe kọ̀ọ̀kan sì ti sọ irú ìrora tó jẹ́: gígún yàtọ̀ sí ríro, títa yàtọ̀ sí fífọ́.

Ohun tó mú kí "ìrora mímú" jẹ́ ìtumọ̀ tí kò dára nìyẹn. Ọ̀bẹ ló ń mú. Ìrora tó bá ṣe bí ọ̀bẹ lára, ó ń gún ni. Bákan náà ni ìbéèrè tí dókítà fi ń ní kí aláìsàn fi nọ́ńbà láti òdo dé mẹ́wàá díwọ̀n ohun tó ń ṣe é. Àgbàlagbà tí kò mọ irú ìdíwọ̀n bẹ́ẹ̀ yóò tètè dáhùn bí wọ́n bá bi í pé, "Ṣé ó ń jẹ́ kí ẹ sùn? Ṣé ẹ lè dìde jókòó?" Gígún yìí dé inú Bíbélì pẹ̀lú: nínú ìwé Pọ́ọ̀lù kejì sí àwọn ará Kọ́ríńtì, ẹ̀gún ni wọ́n pe ohun tó ń yọ àpọ́sítélì náà lẹ́nu, tó bẹ̀bẹ̀ nígbà mẹ́ta kó kúrò tí kò sì kúrò. Ìtumọ̀ náà bọ́ sí i, nítorí ẹ̀gún àti gígún jọ rìn ní Yorùbá.

Ìjìyà ni ẹjọ́ wà nínú rẹ̀. Jẹ ìyà ni ìdí rẹ̀, ojú méjì sì ni ìyà ní. Olè tí ọwọ́ òfin tẹ̀ jìyà. Ọmọ òrukàn tí kò rí jẹ náà jìyà. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ èrè iṣẹ́ ọwọ́, ti èkejì jẹ́ ìnira lásán. Nígbà tí a bá sọ ìjìyà Kristi, ojú méjèèjì wúlò, nítorí ìgbàgbọ́ Kristẹni ni pé ó fara da ìnira, ó sì ru ẹ̀bi tí kì í ṣe tirẹ̀. Ṣùgbọ́n bí oníwàásù bá pe àrùn jẹjẹrẹ tó ń ṣe aláìsàn ní ìjìyà, etí aláìsàn ti gbọ́ ìdájọ́ kí ìwàásù tó parí. Àṣìṣe àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù nìyẹn. Òun náà ló wà nídìí ìbéèrè àwọn ọmọ ẹ̀yìn ní Jòhánù orí 9, nígbà tí wọ́n fẹ́ mọ ẹni tó dẹ́ṣẹ̀ kí ọkùnrin kan tó fọ́jú láti inú ìyá rẹ̀ wá. Jésù kò gbà pé ẹ̀ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni ló fà á. Kí ìrora jẹ́ ti ara tó ń dunni, kí ìjìyà sì jẹ́ ti Kristi àti ti àwọn tí wọ́n ṣe inúnibíni sí: ìyẹn ló tọ́.

Irú àdàlù yìí náà hàn ní Àìsáyà orí 53. Ọ̀rọ̀ Hébérù méjì tó wà níbẹ̀ dúró fún àìsàn àti ìrora. Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti 1611 fi ọ̀rọ̀ ìbànújẹ́ túmọ̀ wọn, Bíbélì Yorùbá sì tẹ̀ lé e: ìbìnújẹ́ àti ìkáàánú ló wà níbẹ̀. Nígbà tí Mátíù orí 8 fa ẹsẹ̀ yìí yọ, àìlera àti àrùn ni Yorùbá kan náà kọ. Inú ló ń bàjẹ́ nínú ìbànújẹ́. Ara ló ń ro nínú ìrora. Ẹni tó bá ka Àìsáyà nìkan yóò rò pé ọkàn nìkan ni wòlíì náà ń sọ. Ìtumọ̀ tuntun tó bá fi àìsàn àti ìrora síbẹ̀ yóò sún mọ́ Hébérù, yóò sì bá Mátíù mu.

Ìwòsàn àti ìmúláradá

Àwọn kan ń lo ọ̀rọ̀ méjèèjì bí ẹni pé ọ̀kan ni wọ́n. Bíbélì Yorùbá pàápàá lò wọ́n pọ̀ fún iṣẹ́ Jésù. Síbẹ̀, ìhun wọn kò jọra.

Ọ̀rọ̀-ìṣe méjì tó tẹ̀ lé ara wọn ló bí ìwòsàn: wò, lẹ́yìn náà sàn. Oníṣègùn wo aláìsàn, aláìsàn sàn. Èkíní lè wáyé kí èkejì má wáyé. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ pé wọ́n wò ó títí, kò sàn. Sàn yìí kan náà ló wà nínú àìsàn. Ojú tó ń ṣọ́ni, ọwọ́ tó ń tọ́jú ẹni, àti ọjọ́ tó ń lọ wà nínú ìwòsàn. Àyẹ̀wò ilé ìwòsàn pàápàá, wò ló wà nídìí rẹ̀.

Ìmúláradá kò ní ojú tó ń wo nǹkan nínú. Mú ni lára dá ni: ẹnì kan mú kí ara dá. Dá yìí ló wà nínú ara tó dá ṣáṣá. Àwọn oníwàásù kan máa ń so ó pọ̀ mọ́ dá tó wà nínú Ẹlẹ́dàá, pé ẹni tó dá ara ló tún ara dá. Ìwàásù náà dùn, ṣùgbọ́n gírámà kò gbè é: dá ti Ẹlẹ́dàá gbọ́dọ̀ ní àbọ̀, ó dá ayé, ó dá ènìyàn, dá ti ara kò ní àbọ̀, ara dá, gbólóhùn parí.

Ìyàtọ̀ yìí wúlò. Kò sẹ́ni tó ń pe ilé ìwòsàn ní ilé ìmúláradá, gbogbo ènìyàn sì mọ ohun tí ìsìn ìmúláradá jẹ́. Kí ìwòsàn dúró fún iṣẹ́ tó gba àkókò, ìbáà jẹ́ dókítà ló ń ṣe é tàbí Ọlọ́run ló ń ti ọwọ́ dókítà ṣe é. Kí ìmúláradá dúró fún àbọ̀ iṣẹ́, ìgbà tí ara ti dá. Àdàlù ni "ìwòsàn ìgbàgbọ́," nítorí ó dún bí ẹni pé ìgbàgbọ́ ló ń ṣàìsàn tí wọ́n ń wò ó sàn. Ìwòsàn nípa àdúrà yé ni jù.

Oògùn, kíníìnì àti omi

Ọ̀rọ̀ tó gbóná jù ni oògùn, nítorí ó kó egbòogi, hóró oògùn òyìnbó àti oògùn ìkà pọ̀ sábẹ́ orúkọ kan. Lẹ́yìn àjàkálẹ̀ àrùn ọdún 1918, ẹgbẹ́ àdúrà kan tó bẹ̀rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde bá Faith Tabernacle ti Philadelphia ní Amẹ́ríkà ṣe, wọ́n sì gba ẹ̀kọ́ pé kí Kristẹni má lo oògùn kankan. Ẹ̀kọ́ náà ti òkè òkun wá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Yorùbá mú un rọrùn: ẹni tó bá kọ oògùn ti kọ ìfúnpá àti hóró ibà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ọmọ Òdò-Ọwá tí wọ́n bí ní 1904, tó sì ń wa ẹ̀rọ tó ń tẹ ọ̀nà kí ó tó di oníwàásù, gbé ìsọjí ẹgbẹ́ náà dé Iléṣà ní 1930, ó sì dé Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ní Èkìtì. Omi tí wọ́n gbàdúrà sí ni àwọn aláìsàn ń gbé lọ sílé. Omi ìyè ni wọ́n ń pè é, kò sì sẹ́ni tó pè é ní oògùn.

Nígbà tí àwọn òyìnbó Apostolic Church ti Britain wá bá wọn ṣiṣẹ́ láti 1931, kíníìnì wà lára ohun tó dá ìjà sílẹ̀, nítorí àwọn òyìnbó ń lò ó sí ibà. Ìyapa dé, orúkọ Christ Apostolic Church sì dúró fún ìjọ àwọn Babalọlá ní 1943. Ọ̀rọ̀ àyálò ló ṣe ìjà náà ní kedere. Oògùn ì bá fi àyè sílẹ̀ fún àwáwí. Kíníìnì tọ́ka sí ohun kan péré.

Àwọn tó ń fẹ́ Yorùbá tí kò ní àbùlà yẹ kí wọ́n rántí ìyẹn. Àdúrà, wòlíì àti àlàáfíà ti inú èdè Lárúbáwá wá, wọ́n sì gba ọ̀dọ̀ Mùsùlùmí bọ́ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Àlàáfíà wúlò jù níhìn-ín, nítorí ìlera ni ó jẹ́ nílé rẹ̀ látilẹ̀wá, Yorùbá tó ń béèrè pé, "Ṣé àlàáfíà ni?", ara àti ilé ló ń béèrè pọ̀. Ní ti ìṣègùn àti ìṣẹ́gun tí àwọn kan ń so pọ̀, ohùn wọn yàtọ̀, fáwẹ́lì wọn náà yàtọ̀: ogun ni wọ́n ń ṣẹ́ nínú ìṣẹ́gun, ìṣègùn sì tan mọ́ oògùn.

Ọ̀rọ̀ tuntun

Ìlànà kan ṣoṣo ló yẹ: kí a kọ́ ọ̀rọ̀ tuntun lé ọ̀rọ̀-ìṣe tó ti wà lẹ́nu aláìsàn. Ó tún rọrùn fún ẹ̀ka èdè. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀ka èdè Èkìtì, ulé ni ilé, ukú ni ikú. Ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀-orúkọ ń yí padà, ṣùgbọ́n gún, ro, wò àti sàn kò yí.

"Apàrora" kò gba ìlànà yìí, nítorí Yorùbá kì í pa ìrora bí ẹni pa ejò. Ó ń rọlẹ̀ ni, tàbí ó ń lọ. Oògùn ara ríro àti oògùn orí fífọ́ tí wọ́n ń béèrè ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì ti tó. Kíkunni lóorun fún iṣẹ́ abẹ dára bẹ́ẹ̀. Ní ti ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́, ìfòróróyàn yẹ fún ọba àti àlùfáà, nítorí yíyàn wà nínú rẹ̀. Aláìsàn tí Jákọ́bù orí 5 sọ nípa rẹ̀ kò gba oyè kankan, òróró ni wọ́n fi kùn ún, kíkùn-lóróró ni kó máa jẹ́.

Èyí tó kù ni ìtọ́jú ẹni tí dókítà mọ̀ pé àrùn rẹ̀ kò ní lọ mọ́, tí wọ́n sì fẹ́ kí ara dẹ̀ ẹ́. Ìwòsàn kò bá a mu, ìmúláradá kò sì tíì dé. "Ó tù mí lára" ni aláìsàn ń sọ bí wọ́n bá yí i padà lórí ibùsùn tàbí tí àlùfáà bá gbàdúrà fún un. Ìtọ́jú atunilára ni orúkọ tó tọ́ sí i, nọ́ọ̀sì àti àlùfáà sì lè jọ lò ó.