Ìtàn Pípààrọ̀ Alágbàtà Gáàsì àti Iná Mànàmáná ní Ìlú Ọba

Kí ọdún 1996 tó dé, kò sí ìdílé kan ní Ìlú Ọba tí ó lè kọ ẹni tí ń ta gáàsì inú páìpù fún un, kí ó sì lọ bá ẹlòmíràn. Ní oṣù Kẹrin ọdún náà ni àwọn tí wọ́n ń gbé ní Cornwall, Devon àti Somerset, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ́kọ́ gba àyè láti yan ẹni tí wọn yóò máa san owó gáàsì fún. Oníbàárà bí ìdajì mílíọ̀nù ni wọ́n. Nígbà tí oṣù Karùn-ún ọdún 1998 fi máa dé, àyè náà ti kárí gbogbo Bìrìtéènì. Ohun tí ìjọba ṣèlérí ni pé owó ìdáná yóò dínkù. Ó dínkù fún àwọn kan. Ọ̀ràn tí ó wà nínú ìtàn yìí ni ti àwọn tí kò dínkù fún.

Kì í ṣe pé yíyan oníṣòwò jẹ́ ohun tuntun pátápátá. Nígbà tí èédú ṣì ni olórí ohun tí wọ́n fi ń mú ilé móoru, àwọn oníṣòwò èédú pọ̀ ní ìgboro; ẹni tí ọ̀kan bá rẹ́ jẹ lè yà sọ́dọ̀ èkejì. Ṣùgbọ́n èédú ní ìyà tirẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1952, èéfín rẹ̀ dàpọ̀ mọ́ kùrukùru, ó bo Lọ́ńdọ̀nù fún ọjọ́ márùn-ún, ó sì pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn. Òfin afẹ́fẹ́ mímọ́ ti ọdún 1956 ni ó tẹ̀lé e. Bí àwọn ìdílé ti ń fi èédú sílẹ̀ ni wọ́n ń bọ́ sọ́wọ́ ìjọba, nítorí pé iná mànàmáná ti di ti ìjọba láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin ọdún 1948, gáàsì sì tẹ̀lé e ní ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún ọdún 1949. Láàárín ọdún 1967 sí 1977, nígbà tí gáàsì abẹ́ Òkun Àríwá rọ́pò èyí tí wọ́n ń fi èédú ṣe, àwọn òṣìṣẹ́ ń wọ ilé dé ilé láti tún sítóòfù àti ẹ̀rọ amúlémóoru ṣe. Kò sí ẹni tí ó bi onílé bóyá ó fẹ́. Síbẹ̀ iṣẹ́ ńlá ni, wọ́n sì ṣe é yanjú. Ó yẹ kí ẹni tí ó bá ń sọ pé ilé-iṣẹ́ ìjọba kò lè ṣe ohun rere kan rántí rẹ̀.

Ìjọba Margaret Thatcher ni ó tú ètò yìí ká. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1986, wọ́n ta British Gas fún ará ìlú, ìpín kọ̀ọ̀kan ní pẹ́ńsì 135. Wọ́n tà á lódindi. Anìkàntà ni nígbà tí ó wà lọ́wọ́ ìjọba, anìkàntà náà ni ó sì jẹ́ nígbà tí ó di ti aládàáni. Àtúnṣe àṣìṣe yìí gba ọdún mẹ́wàá gbáko. Ní ti iná mànàmáná, òfin ọdún 1989 ya iṣẹ́ pípèsè iná kúrò lára iṣẹ́ gbígbé e lórí wáyà ńlá. Stephen Littlechild, ọ̀jọ̀gbọ́n ètò ọrọ̀-ajé tí ó kọ́kọ́ jẹ́ alábòójútó iná mànàmáná, gbà pé ohun tí wọ́n kàn fi ń dúró de ìdíje ni kí ìjọba máa fi gbèdéke sí iye owó. Ní ọdún 1990, àwọn ilé-iṣẹ́ tí iná wọn ju mẹ́gáwáàtì kan lọ ni wọ́n kọ́kọ́ lè yan. Àwọn ìdílé ni ó kẹ́yìn, láàárín oṣù Kẹsàn-án ọdún 1998 sí oṣù Karùn-ún ọdún 1999.

Kí ni ìdílé ń pààrọ̀ gan-an? Kì í ṣe páìpù, kì í sì í ṣe wáyà. Kò sí ẹni tí ń wú ojú títì. Iná tí ń jó lórí sítóòfù kò mọ orúkọ ẹni tí ń gba owó rẹ̀. Alágbàtà ni ilé-iṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé owó: ó ń ra gáàsì tàbí iná lọ́pọ̀ lọ́jà, ó ń san owó ìlò fún àwọn tí wọ́n ni páìpù àti wáyà, ó sì ń fi èrè tirẹ̀ lé e. Ní Nàìjíríà, láti ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá ọdún 2013 tí ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi pípín iná lé àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni mọ́kànlá lọ́wọ́, olúkúlùkù wọn ni ó ní agbègbè tirẹ̀. Ìdílé kan ní Ìbàdàn kò lè pààrọ̀ ẹni tí ń fún un níná. Ohun ìdáná fúnra rẹ̀ ni ó lè pààrọ̀, láti orí kẹrosíìnì sí gáàsì, tàbí láti orí gáàsì padà sí èédú nígbà tí ọwọ́ kò bá ká a mọ́.

Àwọn alágbàtà tuntun rán àwọn olùpolówó láti ilé dé ilé. Iye ènìyàn tí olùpolówó bá mú wá ni ó ń pinnu owó rẹ̀, nítorí náà irọ́ kò ṣàì wọ̀ ọ́. Àwọn arúgbó fọwọ́ sí ìwé tí kò yé wọn. Àwọn mìíràn kò mọ̀ pé wọ́n ti kúrò lọ́dọ̀ alágbàtà wọn àtijọ́ títí ìwé owó fi dé. Síbẹ̀, ní oṣù Kẹrin ọdún 2002, Ofgem, alábòójútó gáàsì àti iná, mú gbèdéke tí ó kù lórí iye owó kúrò, ó ní ìdíje ti tó. Ọdún 2011 ni àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tó fi ìpolówó ẹnu ọ̀nà sílẹ̀.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2016, àjọ tí ń mójú tó ìdíje gbé ìwádìí rẹ̀ jáde. Nínú àwọn ìdílé tí ń bá ilé-iṣẹ́ ńlá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ra ọjà, nǹkan bí 70 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó wà lórí owó tí ó máa ń dúró fún ẹni tí kò bá yan nǹkan kan, èyí tí ó wọ́n jù. Láti ọdún 2012 sí 2015, àwọn oníbàárà ń san àsanjù tí ó tó bílíọ̀nù £1.4 lọ́dọọdún. Owó tí ó pọ́ọ́kú tí wọ́n fi ń fa ẹni tí ń yí kiri mọ́ra, ara ẹni tí ó jókòó jẹ́ẹ́ ni wọ́n ti ń rí i gbà padà. Ẹni tí ó jókòó jẹ́ẹ́ yìí kì í sábà jẹ́ olówó.

Èyí hàn jù lọ nínú ọ̀ràn mítà àsansílẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá tí wọ́n gba yàrá ní Lọ́ńdọ̀nù ní àwọn ọdún 1950 àti 1960 mọ mítà tí wọ́n ń ju ṣílè sí. Bí ṣílè bá tán, òtútù wọlé. Onílé ni ó ni mítà náà, kò sì sí ohun tí ayálégbé lè yàn. Kọ́kọ́rọ́ àti káàdì gba ipò ṣílè nígbà tí ó yá, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń lò wọ́n ń san ju ẹni tí báńkì ń yọ owó rẹ̀ lóṣooṣù lọ. Bí ó bá sì jẹ gbèsè tí ó pọ̀, alágbàtà lè dí i lọ́wọ́ láti lọ. Àwọn ìdílé tí wọ́n wà lórí irú mítà yìí tó nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́rin nígbà tí wọ́n fi gbèdéke sí owó wọn ní oṣù Kẹrin ọdún 2017.

Gbèdéke ti gbogbo ẹni tí kò yàn bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2019, ní £1,137 lọ́dún fún ìdílé tí ìlò rẹ̀ jẹ́ ti ìwọ̀ntúnwọ̀nsì. Ní ọdún 2021, owó gáàsì gbéra lọ́jà àgbáyé. Àwọn alágbàtà kéékèèké tí wọn kò ra ọjà sílẹ̀ de ọjọ́ iwájú ṣubú. Iye tí ó ṣubú fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 30. Wọ́n pín oníbàárà wọn fún àwọn tí ó ṣẹ́kù, wọ́n sì pín ìnáwó rẹ̀ sórí ìwé owó gbogbo ìdílé. Àjọ tí ń yẹ owó ìjọba wò ṣírò rẹ̀ sí nǹkan bí £94 fún ìdílé kọ̀ọ̀kan, àti ẹni tí ó ti jèrè owó pọ́ọ́kú náà àti ẹni tí kò fìgbà kan pààrọ̀ rí. Gbèdéke di £1,971 ní oṣù Kẹrin ọdún 2022. Ìbá dé £3,549 ní oṣù Kẹwàá bí ìjọba kò bá dá a dúró sí £2,500. Ní àkókò náà, kò sí ibi tí ènìyàn lè pààrọ̀ lọ, nítorí kò sí alágbàtà tí ń tà lówó tí ó rẹlẹ̀ ju gbèdéke lọ.

Nígbà òtútù yẹn ni àwọn alágbàtà ń gba àṣẹ ilé-ẹjọ́ láti wọ ilé àwọn ajigbèsè, kí wọ́n sì fi mítà àsansílẹ̀ dè wọ́n. Ofgem ní kí wọ́n dáwọ́ dúró ní oṣù Kejì ọdún 2023. Ní oṣù Keje ọdún náà, ìjọba mú àlékún owó tí àwọn oní-mítà àsansílẹ̀ ń san kúrò. Owó ojoojúmọ́ tí kò ní í ṣe pẹ̀lú ìlò kò kúrò: ẹni tí káàdì rẹ̀ tán, tí ó sùn nínú òkùnkùn fún ọ̀sẹ̀ kan, yóò bá gbèsè ọjọ́ méje náà nínú mítà nígbà tí ó bá tún rówó fi sí i.