Síso Rédíò Ìgbafẹ́ mọ́ Ilẹ̀

Síso mọ́ ilẹ̀ ni ọ̀nà tí ẹni tó ń fi rédíò ránṣẹ́ láti ilé rẹ̀, nítorí ìfẹ́ iṣẹ́ náà láìgba owó, fi ń so ẹ̀rọ rẹ̀ mọ́ ọ̀pá irin tí a fi bàbà bò, tí a sì rì mọ́lẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ìlànà iná mànàmáná tí a ń pè ní NEC béèrè pé kí irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 8, ó kéré tán, kí a sì so ó pọ̀ mọ́ ọ̀pá ilẹ̀ tí iná ilé ń lò, nítorí pé bí méjèèjì bá dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, agbára àrá lè gba inú ẹ̀rọ kọjá láti ọ̀kan sí èkejì; àṣìṣe tó léwu gidigidi nìyẹn.

Ní ti ariwo tó ń da rédíò láàmú, ọ̀pá ilẹ̀ kì í ṣe àwòtán. Lórí ìgbì rédíò 28 MHz, ìdámẹ́rin gígùn ìgbì kò ju nǹkan bíi mítà 2.7 lọ, nítorí náà wáyà tó gùn tó bẹ́ẹ̀, tó ń sọ̀kalẹ̀ láti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ sí ọ̀pá ilẹ̀, lè di eriali fúnra rẹ̀, kí ó sì máa tan ìgbì ká inú ilé. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ni òrùka ferrite, ìyẹn ohun dúdú líle tí a fi èròjà irin sun bí ìkòkò, tí a ń yí okùn eriali mọ́ lára nígbà mélòó kan, kí ó lè dènà ìgbì tó ń rìn lẹ́yìn okùn láìdí èyí tó ń gba inú rẹ̀ lọ́wọ́. Ṣájà fóònù olówó pọ́ọ́kú àti gílóòbù LED wà lára ohun tó sábà máa ń bí ariwo. A lè dá wọn mọ̀ nípa pípa wọn lọ́kọ̀ọ̀kan nígbà tí rédíò ń lo bátìrì.