Okun

Àmì ohùn ló ya okun sọ́tọ̀ sí okùn tí a fi ń so ewúrẹ́ àti òkun tí ọkọ̀ ń là kọjá. Okun ni agbára inú ara, pàápàá èyí tí oúnjẹ ń fún ni. Ẹni tó bá sọ pé òun ò lókun nínú, ebi ló sábà máa ń pa á. Àwọn àgbà náà ní okun inú la fi ń gbé tòde.

Fún ẹni tó ní àtọ̀gbẹ tó sì ń gún abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì, tàbí tó ń lo oògùn oníhóró bíi glibenclamide, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe òwe lásán. Bí kò bá jẹun lásìkò, tàbí tó ṣe iṣẹ́ agbára ju bó ṣe máa ń ṣe lọ, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè lọ sílẹ̀ ju 70 mg/dL lọ. Ọwọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, òógùn á bò ó, àyà á máa lù kì-kì-kì, ọ̀rọ̀ á dàrú mọ́ ọn lẹ́nu. Àwọn tó wà nítòsí tiẹ̀ lè rò pé ọtí ló mu yó!

Àárẹ̀ kọ́ nìyẹn o.

Àárẹ̀ ń fẹ́ ìsinmi; okun tó lọ lójijì ń fẹ́ ṣúgà kíá, nǹkan bíi gíráàmù 15, irú èyí tó wà nínú ìdajì ife ẹlẹ́rìndòdò. Ẹran àti ẹ̀pà kì í tètè ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, kó tún ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ yẹ̀ wò. Bí kò bá tíì gòkè, kó mu òmíràn. Bó bá ti dákú, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ da nǹkan sí i lẹ́nu: ilé ìwòsàn ló kàn.