Itẹ́ Òkú Père-Lachaise: Ìtàn Ibojì àti Orúkọ

Ní ayé àwọn baba ńlá wa, láti Kétu títí dé Ṣábẹ̀ẹ́, inú ilé ni a ń sin àgbàlagbà tí ó bá kú sí. Àwọn ọmọ ń gbé lórí ilẹ̀ tí baba wọn sùn sí, oríkì sì ni ó ń pa orúkọ òkú mọ́. Ní àwọn ìlú ńlá, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ìtàn itẹ́ òkú Père-Lachaise ní Paris yóò fi hàn wá bí orúkọ òkú ti í rí nígbà tí ibojì bá kúrò nínú agbo ilé.

Títí di ọdún 1780, àárín ìlú Paris gan-an ni itẹ́ òkú Saints-Innocents wà. Fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ni wọ́n ti ń kó òkú àwọn tálákà jọ sínú kòtò ńlá níbẹ̀, láìsí àmì kankan. Ní ọdún náà, ògiri yàrá abẹ́ ilẹ̀ kan tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ wó, òkú sì ya wọ inú ilé. Ìjọba ti ibẹ̀ pa. Nígbà tí ó fi di 1786, wọ́n ti ń kó eegun wọn lọ sínú àwọn ihò tí wọ́n ti ń wa òkúta rí.

Nígbà náà ni ìjọba wá ilẹ̀ sí ẹ̀yìn ìlú. Nicolas Frochot, aṣojú ìjọba ní agbègbè Seine, ra òkè kan tí ó ti jẹ́ ti àwọn àlùfáà Jésúìtì. Ayàwòrán-ilé Brongniart ni ó sì la ọ̀nà inú rẹ̀. Orúkọ François de La Chaise, àlùfáà tí Ọba Louis Kẹrìnlá ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ fún, ni a fi ń pe ibẹ̀. Ní ọjọ́ 21 oṣù karùn-ún, 1804, a sin òkú àkọ́kọ́ síbẹ̀: ọmọdébìnrin ọlọ́dún márùn-ún kan. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún kan náà, òfin jáde pé ẹ̀yìn ìlú ni kí a máa sìnkú sí, kí olúkúlùkù sì ní kòtò tirẹ̀.

Àwọn ará Paris kò fẹ́ràn ibẹ̀, nítorí ó jìnnà. Ibojì 13 péré ni ó wà níbẹ̀ ní ọdún kìíní. Ní 1817, ìjọba gbé ohun tí a gbà pé ó jẹ́ òkú Molière àti La Fontaine wá síbẹ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn ènìyàn ti ń fẹ́ sùn ti àwọn olókìkí. Nígbà tí ó fi di 1830, ibojì ti tó 33,000. Ilẹ̀ náà, tí ó jẹ́ hẹ́kítà 17 ní ìbẹ̀rẹ̀, ti di nǹkan bí 44. Ní 1860, ìlú fẹ̀ débi pé ó gbé itẹ́ òkú náà mì.

Ṣùgbọ́n gbogbo orúkọ kọ́ ni ó wà níbẹ̀. Òfin 1804 yìí kan náà gbà pé kí a tún ilẹ̀ ibojì lò lẹ́yìn ọdún márùn-ún, àfi ti ẹni tí ó bá lówó láti rà á. Ní ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún, 1871, àwọn ọmọ ogun ìjọba yìnbọn pa àwọn jagunjagun Commune 147 lẹ́bàá ògiri rẹ̀, wọ́n sì sin wọ́n pọ̀ síbẹ̀. Òkúta ìrántí wà lára ògiri náà, ṣùgbọ́n kò sí orúkọ ẹnì kan lára rẹ̀.

Nínú itẹ́ òkú kan náà ni Champollion wà, ẹni tí ó kú ní 1832. Òun ni ó ka ìwé àtijọ́ ilẹ̀ Íjíbítì, tí ẹnikẹ́ni kò lè kà mọ́ fún ohun tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún. Orúkọ àwọn ọba tí ó ti kú, Ptolémée àti Cléopâtre, ni ó fi rí ọ̀nà wọ inú èdè náà.

Ẹ̀yin olùkọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà, ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀ fún wa. Bí òkú wa ti ń kúrò nínú ilé lọ sí itẹ́ òkú ìlú, oríkì ń pàdánù ibùjókòó rẹ̀. Òkúta tí a kọ orúkọ sí láìní àmì ohùn kò lè sọ bí a ti ń pe ẹni tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ àti oríkì baba àti ìyá rẹ̀ àgbà sílẹ̀, kí ó sì kọ wọ́n bí ó ti tọ́, nígbà tí ẹni tí ó mọ̀ wọ́n ṣì wà láàyè.