Ilẹ̀kùn Ṣí, Àga Ò Sí

Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ọmọ mi obìnrin tẹ̀ mí láago láti yunifásítì. Aago mẹ́wàá alẹ́ ti lù. Ẹkún ló ń sun. Iṣẹ́ ẹnjiníà ló lọ kọ́, kò sì tíì lo oṣù mẹ́ta níbẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin inú kíláàsì wọn ò pé 10 láàárín àwọn ọmọkùnrin tó lé ní 100. Lọ́jọ́ náà, bó ṣe nawọ́ sí irinṣẹ́ ní yàrá iṣẹ́ ẹ̀rọ, olùkọ́ wọn ní kó fi í lé ọkùnrin lọ́wọ́, kí òun máa kọ ohun tí wọ́n bá ṣe sílẹ̀. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.

"Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n lọ kọ́ nǹkan mìíràn."

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, n kò ní parọ́ fún yín: díẹ̀ ló kù kí n gbà fún un. Èmi tí mo kàwé mẹ́wàá péré, kí ni mo mọ̀ nípa ẹ̀rọ? Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìròyìn ti kọ́ mi pé ká wádìí ká tó fèsì. Mo ní kó fún mi lọ́sẹ̀ kan. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtàn àwọn obìnrin tó ti gba ọ̀nà yìí kọjá. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti yé mi jù ni ìtàn Yunifásítì Purdue, ní ìpínlẹ̀ Indiana, l'Amẹ́ríkà.

Láti 1897 ni obìnrin àkọ́kọ́ ti gboyè ẹnjiníà níbẹ̀. Ilẹ̀kùn ti ṣí nìyẹn, àbí? Ẹ ní sùúrù.

Ní 1935, Purdue gba obìnrin méjì síṣẹ́. Ọ̀kan ni Lillian Gilbreth, opó tó bí ọmọ 12. Wọ́n fi í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n ní ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ. Èkejì ni Amelia Earhart, obìnrin tó dá wa bàálù sọdá òkun Àtìláńtíìkì ní 1932. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un ni kó máa gba àwọn ọmọbìnrin nímọ̀ràn lórí iṣẹ́ tí wọ́n lè fi ayé wọn ṣe. Bó bá ti wá, ilé táwọn ọmọbìnrin ń gbé lòun náà ń sùn. Ó ń bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ dà. Ó mà ṣe o, ní July 1937, òun àti bàálù rẹ̀ sọnù sójú òkun Pàsífíìkì, a ò rí i di òní.

Nígbà tí ogun Hitler kó àwọn ọkùnrin lọ, ilé iṣẹ́ Curtiss-Wright tó ń ṣe bàálù kò rí ẹnjiníà tó gbà mọ́. Ní 1943, ó kó ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọbìnrin lọ sí yunifásítì méje, Purdue wà lára wọn. Ilé iṣẹ́ náà ló sanwó, wọ́n sì fi oṣù 10 kọ́ ìṣirò, yíya àwòrán ẹ̀rọ àti bí a ti ń ṣe bàálù. Ogun parí ní 1945, àwọn ọkùnrin padà dé, iṣẹ́ sì bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọbìnrin náà. Àṣé àìní ló ṣílẹ̀kùn fún wọn. Nígbà tí àìní tán, ilẹ̀kùn padé. Láàárín 1960 sí 1969, nínú 100 ènìyàn tó ń gboyè ẹnjiníà l'Amẹ́ríkà, obìnrin ò ju nǹkan bí 1 lọ.

Ní 1969 ni Purdue wá dá ètò kan sílẹ̀ fún àwọn obìnrin tó ń kọ́ ẹnjiníà. Irú rẹ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn l'Amẹ́ríkà. Wọn ò dín ìdánwò kù fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí wọ́n ṣe ò ju kí àgbà fa ọmọdé lọ́wọ́: àwọn tó ti pẹ́ nínú ẹ̀kọ́ ń mú àwọn tuntun mọ́ra, àwọn obìnrin tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ń wá bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n sì ń lọ pe àwọn ọmọbìnrin nílé ẹ̀kọ́ girama. Yunifásítì mìíràn kọ́ ọ lára wọn. Lónìí, obìnrin lé ní 20 nínú 100 tó ń gboyè náà l'Amẹ́ríkà. Ó ṣì kù, ṣùgbọ́n kì í ṣe 1 mọ́.

Nílé wa ńbí náà, ní 1983 ni àwọn obìnrin ẹnjiníà dá ẹgbẹ́ APWEN sílẹ̀, Joanna Maduka sì ni ààrẹ wọn àkọ́kọ́. Ẹgbẹ́ náà ní ẹ̀ka láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì. Ẹgbẹ́ àpapọ̀ àwọn ẹnjiníà Nàìjíríà ti wà láti 1958. Ó di 2024 kí obìnrin tó jókòó sórí àga ààrẹ rẹ̀. Margaret Oguntala ni, Ifẹ̀ ló sì ti kọ́ṣẹ́. Ọdún 66 gbáko!

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ pé, mo pe ọmọ mi. Mo ní, "Má kúrò. Lọ wá àwọn obìnrin tó ṣíwájú rẹ." Ó rí ọ̀kan tó wà ní ọdún kẹrin. Ìyẹn yá a níwèé, ó sì ń bá a jókòó kàwé lálaalẹ́. Òun náà ti wọ ọdún kẹrin báyìí, ó sì ní àwọn àbúrò méjì tó ń fà lọ́wọ́.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá pè yín lóru pẹ̀lú ẹkún, ẹ má yára ní kó padà sílé. Ẹni tí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún tí wọn ò fún lága, ìdúró ni yóò wà títí ẹsẹ̀ yóò fi ro ó. Ẹ bá a wá àga.