Àmì Ohùn, Fáìlì PDF àti Orúkọ Ajégúnlẹ̀

Ní 1875, ìjọ C.M.S. pe ìpàdé ní Èkó lórí àkọtọ́ Yorùbá. Àkọtọ́ tí ó ti ibẹ̀ dàgbà ń fi àmì sí abẹ́ lẹ́tà kan, ó sì tún ń fi àmì ohùn sí orí rẹ̀. Ẹrù méjì yìí ni ó ń wọ kọ̀ǹpútà lọ́rùn.

Bí atẹ̀wé Malu Road bá kọ “màlúù”, kò séwu: à, ú àti ù ti ní kóòdù nínú ìlànà ISO 8859-1 ti 1987. Ṣùgbọ́n bí ó bá kọ “Ajégúnlẹ̀”, lẹ́tà ìkẹyìn di ìṣòro. Ní 1993, ọdún tí Adobe gbé PDF jáde, Unicode fún ẹ, ọ àti ṣ ní kóòdù. Ẹ̀ kò rí tirẹ̀ gbà. Àmì ohùn ni a ń so mọ́ ẹ.

Bí fáìlì PDF bá gbé fọ́ǹtì rẹ̀ dání, ó máa ń dára lójú òǹkàwé. Ètò ayàwòrán tí a fi ṣí i láti tún un ṣe ni ó máa ń wá fọ́ǹtì náà nínú kọ̀ǹpútà. Bí kò bá rí i, yóò fi òmíràn rọ́pò; àmì lè ṣí kúrò ní ipò, tàbí kí àpótí òfìfo rọ́pò lẹ́tà.

Nínú ìbéèrè ìdánwò, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ yóò wá di ọ̀kan náà. Nítorí náà, kí aṣèwé fi fọ́ǹtì ránṣẹ́ pẹ̀lú fáìlì, tàbí kí ó sọ lẹ́tà di àwòrán. Kí atẹ̀wé sì yẹ̀ ẹ́ wò kí ó tó tẹ̀ ẹ́.